Sìkọ́láṣípù, bọ́sárì àbí ẹ̀yáwó NELFUND: èwo ló bá ipele tí o wà mu?

Bí ọmọ bá ti wọ yunifásítì tán, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ bi gbogbo ẹni tó bá pàdé ni pé, "Sìkọ́láṣípù wo ló ń lọ lọ́wọ́ báyìí?" Ìbéèrè yẹn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Èyí tó ń lọ lọ́wọ́ lè má wà fún ẹni tó wà ní 100 level rárá, ó sì lè jẹ́ pé owó táṣẹ́rẹ́ tí ẹnì kan sáré gbà lónìí ni yóò dènà èyí tó nípọn mọ́ ọn lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun mẹ́ta ni mo máa ń ní kí àwọn àbúrò mi béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan. Ṣé màá dá owó yìí padà? Ìgbà wo ni yóò tẹ̀ mí lọ́wọ́? Kí ló lè gbà á kúrò lọ́wọ́ mi? Ìbéèrè mẹ́ta yìí náà ni màá fi ṣe òṣùwọ̀n fún àwọn ọ̀nà owó tó wà níwájú ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ kàwé gboyè.

Owó náà kì í ṣe kékeré mọ́. Ní 2023, ohun tí Yunifásítì Èkó, UNILAG, ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní ₦19,000, ó kọjá ₦100,000. Àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ mìíràn náà fi kún tiwọn. A ò tíì sọ ti ilé gbígbé, oúnjẹ, owó ọkọ̀, ìwé àti dátà. Òbí tó ń gba owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀, ìyẹn ₦70,000, kò lè nìkan gbé e bí ọmọ tó wà nílé-ìwé bá ti pé méjì.

Ẹ̀yáwó NELFUND

NELFUND ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Màá fi ẹ̀yáwó rẹ̀ ṣáájú, torí òun ló súnmọ́ ọmọ 100 level jù lọ. Ààrẹ Bola Tinubu kọ́kọ́ buwọ́ lu òfin rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Wọ́n tún òfin náà ṣe, ó sì buwọ́ lu èyí tí à ń lò báyìí ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024. Ojú òpó tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ ṣí ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún náà. Òfin àkọ́kọ́ béèrè onídùúró, ó sì ní owó tó ń wọlé fún ìdílé kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ lọ́dún. Òfin tuntun ti yọ méjèèjì kúrò. Nǹkan ńlá ni, torí ọmọ tálákà kì í sábà mọ lọ́yà tàbí ọ̀gá ìjọba tí yóò dúró fún un.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. JAMB, NIN, BVN àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé-ìwé ni wọ́n ń béèrè. Ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ni yóò fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ pé lóòótọ́ lo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Owó ilé-ìwé á lọ tààrà sápò ilé-ìwé, kò ní í gba ọwọ́ rẹ kọjá. Bí o bá tún béèrè owó ìgbọ́bùkátà, ₦20,000 ni yóò máa wọ àkáǹtì rẹ lóṣù. Kò sí èlé lórí méjèèjì. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn NYSC kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ ni wọn yóò sì máa yọ. Ilé-ìwé ìjọba nìkan ló wà fún. Ẹni tó wà ní yunifásítì aládàáni kò sí nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣìṣe ni owó ìgbọ́bùkátà yẹn. Wọ́n rò pé ẹ̀bùn ni. Ẹ̀yáwó lòun náà, gbèsè kan náà ló sì ń lé lórí. Ká mú ọmọ kan tí owó ilé-ìwé rẹ̀ jẹ́ ₦120,000 lọ́dún, tí yóò lo ọdún mẹ́rin. Bó bá yá owó ilé-ìwé nìkan, ₦480,000 ni yóò jẹ. Bó bá fi ìgbọ́bùkátà oṣù mẹ́wàá kún un lọ́dọọdún, ó di ₦1,280,000. Ẹ wo bí sísan rẹ̀ ṣe máa pẹ́ tó:

| Owó oṣù rẹ̀ | Ó yá owó ilé-ìwé nìkan | Ó yá owó ilé-ìwé àti ìgbọ́bùkátà |
|---|---|---|
| ₦70,000 | nǹkan bí ọdún 5 àti oṣù 9 | nǹkan bí ọdún 15 àti oṣù 3 |
| ₦200,000 | ọdún 2 | ọdún 5 àti oṣù 4 |

Ìmọ̀ràn mi kò lọ́jú pọ̀: yá owó ilé-ìwé, fi ìgbọ́bùkátà sílẹ̀ bí ọ̀nà mìíràn bá wà tí o lè fi jẹun. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ebi ni yóò lé ọ kúrò ní kíláàsì, gbà á láìtijú. Gbèsè tí kò ní èlé sàn ju kí ọmọ pa ẹ̀kọ́ tì lọ, ó sì sàn jìnnà ju owó tí wọ́n ń yá lórí fóònù, tí wọn yóò máa pe gbogbo ẹbí rẹ sí bí o bá fi ọjọ́ kan pẹ́.

Sìkọ́láṣípù ilé-iṣẹ́ ńlá

Owó yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tó wà nílé, torí kò sí ìdápadà nínú rẹ̀, ó sì máa ń tún wá lọ́dọọdún títí tí o fi máa jáde, bí èsì rẹ kò bá ti wálẹ̀. Àwọn tí ọmọ ilé-ìwé mọ̀ dáadáa ni ti MTN Foundation, ti Seplat, ti Agbami, ti NNPC pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ epo tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bíi TotalEnergies àti Chevron, àti ti PTDF, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ẹ̀kọ́ nípa epo rọ̀bì.

Wọn kò jọra bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ti MTN lórí sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ń dúró de 300 level, CGPA 3.5, ìyẹn ìpíndọ́gba gbogbo èsì rẹ, ni wọ́n ń wò, ilé-ìwé ìjọba sì ni. Ó tún ní èyí tó yà sọ́tọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ bá mọ̀. Ti Seplat kò dúró dìgbà yẹn, ẹni tó ti dé 200 level lè gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ pẹ̀lú 3.5 kan náà. Ṣùgbọ́n ó fi nǹkan kan kún un: kírẹ́dìtì márùn-ún, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, ní ìjókòó kan ṣoṣo. Ọmọ tó pa WAEC pọ̀ mọ́ NECO kó tó wọlé lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ní kíláàsì rẹ̀, ti MTN lè gbà á, ti Seplat kò ní í gbà á. Àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn àti ẹ̀rọ ni ti Agbami ń wá. Ti PTDF rọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ tó bá iṣẹ́ epo àti gáàsì tan, láti oyè àkọ́kọ́ títí dé PhD. Bí o bá ń kọ́ ìtàn tàbí èdè Yorùbá, má fi àkókò ṣòfò sórí ìyẹn. Lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nítòsí tí mo máa sọ nísàlẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọmọ 100 level kì í mọ̀ pé òun ti wà nínú ìdíje náà. Ní 200 level lo máa kọ fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n èsì 100 level ni wọ́n máa kà. Gbogbo GST, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń ṣe, tí àwọn èèyàn fojú tín-ín-rín, ìṣirò ọdún kìíní tí wọ́n ń sá fún, wọ́n wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá parí 100 level pẹ̀lú 2.8 gbọ́dọ̀ ṣe 4.2 ní gbogbo 200 level, bí iye yúníìtì ọdún méjèèjì bá dọ́gba, kó tó lè rí 3.5. Ó ṣeé ṣe, mo mọ ẹni tó ṣe é, ṣùgbọ́n oorun kò sí fún un lọ́dún yẹn. Ẹ̀yin òbí, ọdún tí ẹ ń rò pé ọmọ ṣì ń mọ ilé-ìwé lójú yẹn gan-an ni ẹ má ṣe jẹ́ kó máa sáré kiri wá owó oúnjẹ. Bí ẹ bá ní ohun kan láti tà, ọdún yẹn ni kí ẹ tà á.

Ohun kejì tó yẹ kí o mọ̀ ni òfin tó máa ń wà ní ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù: ẹni tó bá ti ń gba irú sìkọ́láṣípù bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, kó má kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ epo ló ní i. Èyí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo sọ pé owó kékeré lè dènà ńlá. Bí àjọ kan bá fún ọ ní ₦50,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ní kí o buwọ́ lù ú pé o ti di akẹ́kọ̀ọ́ àwọn, bi wọ́n léèrè bóyá ọdún kan ni àbí títí dópin. Bó bá jẹ́ ti ọdún kan, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ ti títí, wo iye rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń bọ̀ ní 200 level kí o tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀yáwó NELFUND kì í ṣe sìkọ́láṣípù ní tirẹ̀, gbèsè ni, nítorí náà kò sí ohun tó ní kí o má gba fọ́ọ̀mù ilé-iṣẹ́ bí o bá ti yá a.

Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń yọ èèyàn. Ìbéèrè rẹ̀ kì í le, àkókò ni kì í tó. Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò kékeré àti ìbéèrè olóye ni, ìṣẹ́jú rẹ̀ sì máa ń fún mọ́ra. Ẹni tó bá ti fi àwọn ìbéèrè àtẹ̀yìnwá dánra wò pẹ̀lú aago lọ́wọ́ máa ń borí ẹni tó kàwé jù ú lọ.

Bọ́sárì ìpínlẹ̀

Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó, Èkìtì, Kwara, gbogbo wọn ló ti san bọ́sárì rí, àwọn kan sì ní sìkọ́láṣípù lọ́tọ̀ fún àwọn tí èsì wọn dára gan-an. Bí a bá gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé-iṣẹ́, ibi tó ti dára jù ni pé kò béèrè kí o jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó mú iwájú ní kíláàsì. Ọmọ ìbílẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé owó rẹ̀ kéré, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé oṣù báyìí ni yóò wọlé. Ọdún mìíràn á wà tí wọn kò ní í san án rárá, ọdún mìíràn ẹ̀wẹ̀ á wà tí wọn yóò san ti ọdún méjì pọ̀. Má fi í sínú ìṣúná rẹ. Ọjọ́ tí aláàtì bá dún lórí fóònù ni kó di owó.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ yìí gba àlàyé. Ọmọ tí wọ́n bí sí Agége, tó dàgbà sí Agége, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìkẹ́rẹ́, ọmọ Èkìtì ni lójú ìjọba. Kò lè gba bọ́sárì Èkó. Èkìtì ni yóò ti gbà á, ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ bàbá rẹ̀ ni yóò sì lò. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló pàdánù méjèèjì, torí Èkó kò gbà wọ́n, wọn kò sì délé rí. Bí ẹ bá ń lọ sílé fún ọdún Àjíǹde tàbí Iléyá, ẹ mú ọmọ dání, kí ẹ sì bá a gba ìwé náà lọ́jọ́ tí ọ́fíìsì bá ṣí. Ọmọ Èkó ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà LASRRA, ìyẹn ti ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùgbé Èkó, kó má dúró dìgbà tí fọ́ọ̀mù bá jáde kó tó lọ forúkọ sílẹ̀.

Èyí tó wà nítòsí tí a kì í kà sí

Ìdíje MTN tàbí Seplat, gbogbo Nàìjíríà ló ń bá ọ dù ú. Owó tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín yà sọ́tọ̀ fún ọmọ márùn-ún, ọmọ mẹ́wàá ló lè kọ̀wé sí i. Mo rí i pé àwọn ọmọ wa kì í ka èyí kún, bóyá torí pé kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí, ẹgbẹ́ àwọn tó ti jáde nílé-ìwé gíríámà rẹ, ẹgbẹ́ àwọn tó ti jáde ní dípátímẹ́ǹtì rẹ, ASUU pàápàá tó ní owó fún akẹ́kọ̀ọ́ aláìní. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì rẹ ni yóò mọ púpọ̀ nínú wọn. Wọ ibẹ̀ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí o sì ka pátákó ìkéde tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. UNILAG ní ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè ṣiṣẹ́ díẹ̀ nínú ọgbà kó sì gba owó. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ní kí o má sáré yá ₦20,000 ìgbọ́bùkátà.

Àṣà yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Olóògbé Gani Fawehinmi, agbẹjọ́rò ọmọ Oǹdó, fi ọ̀pọ̀ ọdún fún àwọn ọmọ aláìní ní sìkọ́láṣípù láti inú àpò ara rẹ̀. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan, wọn kì í kéde ara wọn ni. Ẹni tó mọ̀ wọ́n ni baálẹ̀, pásítọ̀, ìmáàmù àti ọ̀gá ilé-ìwé rẹ àtijọ́.

Òkè òkun: Túrkì, Họ́ńgárì, Amẹ́ríkà

Fún oyè àkọ́kọ́, méjì ni mo rí tí ọmọ Nàìjíríà máa ń fi wéra jù: Türkiye Bursları ti ìjọba Túrkì àti Stipendium Hungaricum ti Họ́ńgárì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013. Méjèèjì ló ń san owó ilé-ìwé tán. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ló yẹ kó pinnu fún ọ.

Túrkì ń fún ọ ní ilé, owó oṣù, ìbánigbófò ìlera àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ìwọ fúnra rẹ lo máa kọ̀wé sí wọn lórí ojú òpó wọn, láti ọjọ́ 10 oṣù kìíní sí ọjọ́ 20 oṣù kejì. Ọjọ́ orí rẹ kò gbọdọ̀ tíì pé 21. Èsì ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń béèrè, àádọ́rùn-ún fún ìṣègùn. Ọdún kan gbáko lo máa kọ́kọ́ fi kọ́ èdè Túrkì. Ẹni tó kórìíra kí ọdún lọ, kó rò ó dáadáa.

Họ́ńgárì kò fún ọ ní tíkẹ́ẹ̀tì. Owó oṣù rẹ̀ fún oyè àkọ́kọ́ jẹ́ 43,700 owó fọ́ríǹtì, àwọn tó ni ètò náà fúnra wọn sì sọ pé ìrànwọ́ ni, kò lè gbọ́ bùkátà tán. Ìdílé ní láti máa fi nǹkan ránṣẹ́ láti ilé. Ọ̀nà ibẹ̀ gba ọwọ́ Federal Scholarship Board ní Àbújá kọjá pẹ̀lú, torí ìjọba wa ló gbọ́dọ̀ yan orúkọ rẹ, nítorí náà fọ́ọ̀mù méjì lo máa kọ. Àmọ́ ẹ̀kọ́ tó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ níbẹ̀, o kò ní í fi ọdún kan kọ́ èdè tuntun. Bí ìdílé kò bá ní ẹni tó lè máa fi owó ránṣẹ́, Túrkì ni màá yàn fún ọmọ mi.

Kí o tó gba èyíkéyìí tí ìjọba Nàìjíríà bá ní ọwọ́ nínú sísan owó oṣù rẹ̀, béèrè ta ni yóò máa san án. Àwọn ọmọ tó lọ lábẹ́ àdéhùn ẹ̀kọ́ tí ìjọba wa ní pẹ̀lú orílẹ̀-èdè bíi Rọ́ṣíà àti Mòrókò rí ìyà jẹ nítorí owó tí wọn kò fi ránṣẹ́ sí wọn fún oṣù pípẹ́. Ní 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fòpin sí ètò náà. Ọmọ tó wà ní ìlú òtútù láìsí owó lọ́wọ́ kò lè sá wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn lópin ọ̀sẹ̀.

Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Owó tó tóbi jù níbẹ̀, yunifásítì fúnra rẹ̀ ló ń san án. Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst kì í wo àpò òbí kí wọ́n tó gba ọmọ, kódà ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì máa ń dí gbogbo àlàfo owó tí ìdílé kò bá ní. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni wọ́n ń mú nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé. Ọ́fíìsì EducationUSA wà ní Èkó àti Àbújá, wọ́n sì ní ètò kan tó ń bá ọmọ tó mọ̀wé ṣùgbọ́n tí kò lówó san owó ìdánwò àti fọ́ọ̀mù. Bẹ̀rẹ̀ láti SS2 bí ibẹ̀ bá wù ọ́. Ìlànà físà Amẹ́ríkà fún ọmọ Nàìjíríà ti le sí i, nítorí náà wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé kí o tó ná kọ́bọ̀.

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sọ́hùn-ún, tàbí tó ní ìwé ìgbélùú, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. FAFSA, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó ilé-ìwé ti ìjọba Amẹ́ríkà, ni kó kọ́kọ́ kọ, torí òun ló ṣí ilẹ̀kùn Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba ibẹ̀, tó lè tó $7,395 fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, tí kò sì sí ìdápadà. Ọmọ tó wà ní Ìlọrin, tí kò ní ìwé Amẹ́ríkà, kò lè lo FAFSA. Bí ẹnikẹ́ni bá fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ pé kí o kọ ọ́, pa á rẹ́.

Chevening àti Commonwealth ti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí gbogbo ènìyàn ń pariwo, kì í ṣe fún oyè àkọ́kọ́. Máàsítà ọdún kan ni ti Chevening, ó ń béèrè iṣẹ́ ọdún méjì, ìyẹn wákàtí 2,800, o sì gbọ́dọ̀ padà wálé fún ọdún méjì. Fi í sílẹ̀ dọjọ́ iwájú.

Orúkọ tó pé, lẹ́tà tó sojú abẹ níkòó

Ohun tó ń ba fọ́ọ̀mù jẹ́ jù kì í ṣe èsì, orúkọ ni. WAEC kọ Olúwaṣeun, NIN kọ Ṣeun, báńkì kọ orúkọ bàbá ṣáájú, JAMB yọ orúkọ àárín kúrò. Ẹ̀rọ ló ń fi wọ́n wéra, kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Jókòó lónìí, tẹ́ NIN, BVN, JAMB àti WAEC sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí o sì kà wọ́n lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ọjọ́ ìbí bá yàtọ̀, tètè bẹ̀rẹ̀, torí owó tí NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, ń gbà fún àtúnṣe ọjọ́ ìbí ju ti orúkọ lọ lọ́nà tó jìn, ó sì máa ń pẹ́.

Fún owó ẹgbẹ́ ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹnì kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ́ pé, "Ọmọ tálákà ni mí, ẹ ṣàánú mi." Gbogbo ẹni tó kọ̀wé ló sọ bẹ́ẹ̀. Fi í wé èyí: "Ìyá mi ń ta gààrí ní ọjà Bódìjà. Owó ilé-ìwé mi lọ́dún yìí jẹ́ ₦118,000. A ti rí ₦60,000 san. Ó ku ₦58,000, ó sì gbọ́dọ̀ wọlé kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Èsì mi títí di ìsinsìnyí jẹ́ 3.72, ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú lẹ́tà yìí pẹ̀lú rìsíìtì owó tí a ti san." Ẹni tó ka èkejì mọ iye tó fẹ́ fúnni, ó mọ ìgbà tí wọ́n nílò rẹ̀, ó sì rí i pé ìdílé náà ti sapá tiwọn. Bí wọ́n bá fún ọ, padà lọ dúpẹ́ ní òpin sáà pẹ̀lú èsì tuntun lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó ọdún kejì ti ń wá láti inú ìdúpẹ́ yẹn.

Sìkọ́láṣípù gidi kì í ta fọ́ọ̀mù lórí WhatsApp. NELFUND kò gba owó fún ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tó bá ní kí o san "owó ìtọ́jú fáìlì", tàbí kí o fi OTP báńkì ránṣẹ́, gbájúẹ̀ ni, kódà bí ó bá fi àmì ilé-iṣẹ́ epo sórí rẹ̀.

Bí o bá ti wà ní 400 level ńkọ́?

Wọ́n máa ń bi mí léyìí pẹ̀lú ojú tó rẹ̀wẹ̀sì. Púpọ̀ nínú ti ilé-iṣẹ́ ti kọjá, òótọ́ ni. Àmọ́ NELFUND ṣì lè san owó ọdún tó kù, gbèsè ọdún kan péré sì ni yóò jẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn tó ti jáde ní dípátímẹ́ǹtì rẹ máa ń fẹ́ ran ẹni tó kù díẹ̀ kó jáde lọ́wọ́ ju ọmọ 100 level lọ, torí wọ́n mọ̀ pé owó àwọn kò ní í ṣòfò. Kọ̀wé sí wọn kí sáà kìíní tó parí. Bí CGPA rẹ bá ti lé ní 3.5, má forí wọlé sí NYSC láìgba ẹ̀dà èsì rẹ àti orúkọ olùkọ́ méjì tí yóò kọ lẹ́tà fún ọ, torí ti máàsítà, láti orí PTDF títí dé Commonwealth, ibẹ̀ ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀.